Ìjókòó Ìyá Ìbráhìm

Ọjọ́ tí Mọ̀nsúrát kọ́kọ́ lọ jókòó láàrin àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, ní Ẹ̀pẹ́, ìyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ ló bá níbẹ̀.

Kò mọ̀ ọ́n rí. Obìnrin náà kò sì mọ òun náà. Ká ní wọ́n ti mọra tẹ́lẹ̀ ni, ọ̀kan nínú wọn ì bá ti ẹnu ọ̀nà padà, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀.

Aṣọ ni Mọ̀nsúrát ń fọ̀ ní Ìkòròdú. Àwọn ará ẹsitéètì tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló ń bá fọ aṣọ, tó sì ń bá lọ aṣọ. Ìwó ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá, nígbà tí Ameerah ọmọ wọn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ ti kú. Yàrá tí wọ́n jọ gbà ní Ìpákòdó ló ṣì ń gbé.

Ẹ̀yìn ríro ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ba sórí ọpọ́n láti òwúrọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ṣàì sọ̀rọ̀. Ìyá alágbo kan wà tó máa ń jókòó nítòsí jẹ́tì ọkọ̀ ojú omi, òun ló bu àgbo fún un nínú ife kékeré. Ó korò, ó jó o lọ́nà ọ̀fun, ẹ̀yìn sì fúyẹ́. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ ewé àti egbò náà. Mọ̀nsúrát mọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbo ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì mu àgbo, kò mutí. Mùsùlùmí ni Mọ̀nsúrát. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé bíà síwájú rẹ̀, yóò bínú dìde. Ife àgbo kan ló ń mu láàárọ̀. Nígbà tó yá, ó di ti ọ̀sán pẹ̀lú. Nígbà tó tún yá, kò rántí ẹ̀yìn mọ́, ife ló ń rántí.

Kànáfùrù ló máa ń jẹ kí òórùn rẹ̀ má bàa jáde. Ó tan àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò tan Ameerah.

"Màámi, ẹ tún ti mu ún."

"Kí ni mo mu?"

"Kànáfùrù tí ẹ ń jẹ bí ẹni ń jẹ gúgúrú yìí, ta lẹ fẹ́ fi tàn?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Àgbo ni."

"Ẹ gbọ́ o. Àwọn ará ilé Ìbráhìm ń bọ̀ wá mọ̀ wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di yìgì. Bí ẹ bá ń rùn báyìí lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí Morìnsọ́lá ni yóò jókòó gẹ́gẹ́ bí ìyá mi. Mo ti bá wọn sọ ọ́."

Kì í ṣe ìhàlẹ̀ náà ló dun Mọ̀nsúrát jù. Pé ọmọ náà ti bá wọn sọ ọ́ ni. Morìnsọ́lá ni ẹ̀gbọ́n bàbá Ameerah, obìnrin tí kò ní àbùkù kan lára àfi pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò jókòó dáadáa. Tọkọtaya yóò kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, yóò gbọ́wọ́ lé wọn lórí, yóò ṣàdúrà fún wọn. Ẹni tó rọbí Ameerah yóò sì wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni Ameerah ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa àwọn tó ń pàdé láti ran ara wọn lọ́wọ́. Ó ní méjì ló wà. Ọ̀kan ń pàdé ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ẹsitéètì. Èkejì wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Mọ̀nsúrát ní Ẹ̀pẹ́ lòun ó lọ. Bí èèyàn yóò bá tú ara rẹ̀ sí ìhòòhò, kì í ṣe lójúde àwọn tó ń bá fọ aṣọ.

Kò fẹnu kan nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wọ mọ́tò ní gáréèjì dé Ìtòìkín, ó tún wọ òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fi báàgì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí itan. Nígbà tí wọ́n ń kọjá ní Ìmọ́tà, ó wo àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọmọ ibẹ̀ ni Ìbráhìm. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ibí yìí ni wọn yóò mú ọmọ mi wá.

Yàrá ìkàwé àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n ti ń pàdé. Bẹ́ǹṣì ibẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, gbogbo àgbàlagbà tó jókòó síbẹ̀ ká bí ọ̀pọ̀lọ́. Lára ògiri, wọ́n ya adìẹ, wọ́n ya bàtà, wọ́n kọ orúkọ wọn sí i.

Dùnsìn ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin tó ń darí wọn. Oògùn ikọ́ olómi ló bá a jà títí ó fi kúrò ní yunifásítì. Ó ti bọ́, ó sì ti kọ́ ọ̀rọ̀ dídùn. Bí ó ti rí Mọ̀nsúrát lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìràwọ̀ tuntun ti yọ láàrin wa!"

Mọ̀nsúrát wo ara rẹ̀. Ìràwọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí okùn bàtà rẹ̀ ti já lápá kan. Ó fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìkòròdú jìn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé sún, ó fọwọ́ lu bẹ́ǹṣì. "Ẹ jókòó síbí. Atẹ́gùn wà níbí."

Mọ̀nsúrát jókòó tì í. Obìnrin náà fi díẹ̀ jù ú lọ́jọ́ orí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ, bí ti ẹni tó ń yan gàrí. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí báàgì, ó gbé tirẹ̀ lé e.

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Tèmi nígbà kan, mi ò lè gbé ife omi dé ẹnu."

"Ṣé ó padà dáwọ́ dúró?"

Obìnrin náà na ọwọ́ kejì síwájú rẹ̀. Kò mì rárá. "Ẹ wò ó."

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún Mọ̀nsúrát lọ́jọ́ náà, ọwọ́ yẹn nìkan ló gbàgbọ́.

Dùnsìn ka òfin. Ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá náà kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni délé. Orúkọ ara ẹni nìkan ni kálukú yóò dá, kò sí orúkọ ilé, kò sí àdúgbò, kò sí Alhaja, kò sí ìyá lágbájá. Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, àṣírí kò lè bò.

"Kí lorúkọ yín, mà?"

"Mọ̀nsúrát."

Ó yẹ kí gbogbo wọn dáhùn pọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀..." Orúkọ há sí wọn lọ́fun. Dùnsìn fúnra rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Àgbàlagbà awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ajíbóyè bú sẹ́rìn-ín.

"Dùnsìn, mo ti sọ fún ọ. Ẹni tó ṣe òfin yìí kò mọ ilé wa. Ìyá tó lè bí ọ, o fẹ́ pè é ní Mọ̀nsúrát? Ó yá, pè é ká gbọ́."

"Mi ò lè pè é, sà."

"O ò lè pè é! Ẹ̀yin ńkọ́?" Ó bojú wo yàrá yíká. "Ìyá, ẹ má dá wọn lóhùn. Kí lorúkọ ọmọ yín?"

"Ameerah."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Ameerah!" Gbogbo wọn pè é lẹ́ẹ̀kan náà, ara sì tù wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀. Òfin tó yẹ kó bò wọ́n láṣìírí, ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n fi ń tú u. Kò sì tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí, nítorí náà wọn kò kà á sí.

Wọ́n ní kí Mọ̀nsúrát sọ̀rọ̀ bó bá wù ú. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ó sọ. Ó ní òun kì í mutí, àgbo lòun ń mu.

"Àgbo kí ni?" Ajíbóyè ló béèrè.

"Jẹ̀dí."

"Háà! Jẹ̀dí-jẹ̀dí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá tán nínú yàrá yìí o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn tí ojú ṣì ń tì pàápàá rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, èmi náà, àgbo ni mo mu títí mọ́tò fi bọ́ sí kòtò."

Ẹ̀rín yẹn ló la ẹnu rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀yìn ríro. Ó sọ ti ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan tí áyọ́ọ̀nù jó nítorí pé ó sùn lọ lórí ìdúró. Ó sọ ti Ameerah àti Morìnsọ́lá. Ọwọ́ obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí tirẹ̀, ó ń gbé e ró. "Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ló fẹ́ fẹ́ ẹ," ó ní. "Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe, àwọn ilé tuntun ló ń fi wáyà sí. Ará Ìmọ́tà ni wọ́n. Mi ò tíì rí ìyá rẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé òórùn ẹnu mi ni obìnrin náà yóò kọ́kọ́ mọ̀."

Ọwọ́ tó wà lórí ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Mọ̀nsúrát rò pé ó ti rẹ obìnrin náà ni. Ó parí ọ̀rọ̀, wọ́n kí i, Dùnsìn sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Ìbráhìm, ó kàn yín."

Obìnrin náà kò gbójú sókè. "Mi ò ní ọ̀rọ̀ lónìí."

Ìbráhìm pọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n Mọ̀nsúrát wo ojú obìnrin náà láti ẹ̀gbẹ́, ó wo iwájú orí rẹ̀ àti bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe rí. Ojú Ìbráhìm ni, ẹni tó ti jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Ìpákòdó, tó ti jẹ ẹ̀wà rẹ̀, tó ti dọ̀bálẹ̀ kí i.

Nígbà tí wọ́n tú ká, àwọn méjèèjì dúró lábẹ́ igi màńgòrò inú ọgbà ilé ìwé náà.

"Fàlílátù ni mí," obìnrin náà sọ. "Ọmọ mi ló ń fẹ́ ọmọ yín."

"Mo ti rí i."

"Kò mọ̀ pé mò ń wá síbí. Gàrí ló rò pé mo ń wá tà. Ó mọ̀ pé mo ti mu ún rí, ó sì mọ̀ pé mo ti fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni kò mọ̀." Ó gbá ewé kan kúrò lórí ìborùn rẹ̀. "Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo ti sọ nínú yàrá yẹn, kò sí ọ̀kan tí èèyàn lè sọ lójú àna."

Òótọ́ ni. Ìyàwó lè gbọ́ àṣírí ọkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ lè gbọ́ ti ọ̀rẹ́. Àna ni ẹni tí a ń wẹ̀ dè, tí a ń gbálẹ̀ dè. A kì í jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì ká máa sọ pé a tọ̀ sára.

"Èmi ni n ó kúrò," Mọ̀nsúrát sọ. "Ẹ̀yin ni mo bá níbẹ̀. Ti Ìkòròdú wà, lọ́jọ́ Ọjọ́rú."

"Ṣé ẹ ó lè máa lọ ọ̀hún?"

"N ó máa lọ."

"Àna mi, ẹ má bínú." Fàlílátù kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ẹ dìde! Ìyá ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyá ìyàwó." Mọ̀nsúrát náà sì kúnlẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé òun ló ga jù.

"Èwo ni tiyín? Ẹ̀yin ni mo ń gbọmọ lọ́wọ́ yín."

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, àgbà obìnrin méjì lórí orúnkún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, orúnkún Fàlílátù kọ̀, ẹ̀yìn Mọ̀nsúrát kọ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n fa ara wọn sókè, ẹ̀rín sì gbà wọ́n. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Mọ̀nsúrát lọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ẹsitéètì. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ọkùnrin tó ni ṣẹ́ẹ̀tì tó jó ló jókòó níwájú, ó fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mọ̀nsúrát fà sẹ́yìn. Bí ó bá wọlé, ọkùnrin náà kò ní wá mọ́, òun náà kò sì ní rí aṣọ fọ̀ mọ́. Ó rìn kọjá níwájú ìyá alágbo. Ife kan péré ló mu. Ó sunkún mu ún.

Nígbà tí Sátidé dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé gáréèjì. Ó ní òun ó lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun ṣáà lè bi Dùnsìn bóyá ibòmíràn wà. Ó ní òun ó jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó dé, àyè ẹ̀bá fèrèsé ṣófo.

"Ìyá Ìbráhìm ò tíì dé," Dùnsìn sọ. "Ẹ jókòó síbẹ̀, Ìyá Ameerah. Atẹ́gùn wà níbẹ̀."

Ó jókòó. Kò béèrè ibòmíràn. Fàlílátù kò dé lọ́jọ́ náà, kò sì wá lọ́sẹ̀ kejì. Mọ̀nsúrát ń wá. Ó mọ̀ pé ìjókòó ẹlòmíràn lòun wà. Ó mọ̀ pé mọ́tò tó ń gbé òun kọjá ní Ìmọ́tà lè dúró, kí òun sọ̀ kalẹ̀, kí òun wí fún obìnrin náà pé kó padà. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń kọjá níbẹ̀, ó máa ń di ojú bí ẹni tó ń sùn. Kì í ṣe ìkà. Àárẹ̀ ni. Ẹni tí odò ń gbé lọ, tó rí igi dì mú, kì í béèrè ẹni tó ni igi.

Ọwọ́ rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jáwọ́ nínú kànáfùrù nítorí pé kò sí ohun tó fẹ́ fi bò mọ́. Ameerah a máa sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ dì mọ́ ọn, kó lè gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀. Òun náà a ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ní ọjọ́ kan, ọmọ náà dì mọ́ ọn, kò sì gbọ́ òórùn nǹkan kan, síbẹ̀ kò tètè jù ú sílẹ̀.

Ará ilé ọkọ wá mọ̀ wọ́n ní Ìpákòdó. Bàbá Ìbráhìm wá, àwọn àbúrò rẹ̀ wá, ìyàwó rẹ̀ méjèèjì wá. Wọ́n fi Fàlílátù han Mọ̀nsúrát.

"Ìyá ọkọ rèé o."

"Inú mi dùn láti mọ̀ yín, mà," Mọ̀nsúrát sọ.

"Èmi náà, mà," Fàlílátù dáhùn.

Kànáfùrù ń ta sánsán lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ ní àgbàlá, Mọ̀nsúrát wọlé lọ gbé omi, Fàlílátù sì tẹ̀ lé e bí ẹni fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó gbé ife kan. Omi inú rẹ̀ ń dà sí i lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ padà.

"Ṣé ẹ ṣì ń lọ?" ó béèrè.

Mọ̀nsúrát kò lè parọ́ fún un. "Mò ń lọ."

"Mo mọ̀. Mo wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé èyí tí a jọ kúnlẹ̀. Mo rí ẹ̀yìn yín láti ojú fèrèsé. Ẹ jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. "Mo ní, ó dáa, ẹnì kan nínú wa ṣáà wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n Mọ̀nsúrát. Ẹ padà síbẹ̀, n kò ní lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni. Ṣùgbọ́n yìgì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni, ó sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí òun bí òun bá dá wà pẹ̀lú ìyá alágbo yẹn. Ó gbé àwo omi.

"Ẹ jẹ́ ká máa fi àdúrà sí i," ó wí.

Àdúrà dára. Ó tún rọrùn láti mẹ́nu bà bí èèyàn kò bá fẹ́ ṣe nǹkan kan. Fàlílátù wò ó, ó mi orí, ó ní àmín.

Àárọ̀ ni wọ́n so yìgì, ní mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé Mọ̀nsúrát. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá kí tọkọtaya lè gba àdúrà lọ́wọ́ òbí. Àga wà fún ìyá ìyàwó, àga wà fún ìyá ọkọ. Ameerah fúnra rẹ̀ ló mú Mọ̀nsúrát lọ́wọ́ lọ sórí tirẹ̀. Morìnsọ́lá wà lẹ́yìn, ó kan ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Lórí àga kejì, Waliyah ló jókòó, ìyàwó kékeré bàbá Ìbráhìm.

"Ara ìyáalé mi ò yá," ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. "Ibà ni."

Mọ̀nsúrát gbé ọwọ́ lé orí àwọn méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ṣàdúrà, ohùn rẹ̀ kò sì gé. Wọ́n yí sí ọ̀dọ̀ Waliyah. Bí Ìbráhìm ṣe dọ̀bálẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan bọ́ láti inú àpò agbádá rẹ̀ sórí ẹní. Waliyah tètè mú un, ó fi í sábẹ́ ìborùn.

"Kọ́kọ́rọ́ kí nìyẹn?" Mọ̀nsúrát béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ dìde.

Waliyah rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àna wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jáde. Ti yàrá ìyáalé mi ni. Àgbo ló tún padà sídìí rẹ̀. Ó ti wọṣọ tán láti òru, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ní òun ń bọ̀. Ìbráhìm ní kó má wá dójú ti òun lójú ìyá Ameerah. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Mọ̀nsúrát ní òun ti gbọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó sì jẹ ẹ́.

Fàlílátù wà ní Ìmọ́tà, ó wọ aṣọ tó rán fún ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn wà ní títì láti ìta. Ìbráhìm ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọwọ́ ìyàwó kékeré ló sì wà lórí rẹ̀.